Ìyá Olóyún Inú Ahoro Ìléru

Ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó rọra máa fọ́ ọ, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ kí nǹkan mìíràn máa dún níbi tí òun bá ti ń dún.

Ọdẹ obìnrin ni mí. Ẹni tí yóò bá rẹ́rìn-ín, kó tètè rín tirẹ̀ tán kí a lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bàbá mi bí èmi nìkan, ó sì ní ìbọn ṣakabùlà kan tó fẹ́ràn ju ìyá mi lọ. Ó wo ìbọn, ó wò mí, ó ní, “Ọdẹ́rónkẹ́, ìbọn kò mọ ẹni tó ró ìró.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọgbó. Ẹfọ̀n ti rí mi rí, ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sáré. Ìnàkí kan wà létí odò wa, bó bá ti gbúròó mi báyìí, ó ń pín ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ mi ni àmọ̀tẹ́kùn fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó bá kọ̀ tí kò sùn. Ẹ ní mo ń yangàn? Adìẹ yé ẹyin kékeré, ó ké títí gbogbo agboolé fi gbọ́. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n ni kí n wá dákẹ́? Orin tí mo fi ń wọgbó rèé, ẹ bá mi gbè é:

Ọdẹ ń lọ, ìró ń wọ́lẹ̀,
Ẹran rí i, ẹran ń rẹ́rìn-ín;
Ìbọn ké, ẹ̀rín tán,
Ọbẹ̀ ló kù o, ọbẹ̀ ló kù.

Ẹ ṣeun. Ohùn yín kò dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣeun.

Òkè-Èédú ni wọ́n gbé mi níyàwó lọ, abúlé àwọn tó ń yọ́ irin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọkọ́ lọ́jà, ẹ lè máa rò pé orí àtẹ ni irin ti ń hù bí olú. Rárá o! Inú ilẹ̀ la ti ń gbẹ́ òkúta pupa jáde. Àwa obìnrin la ń fọ̀ ọ́ lódò, tí odò á fi pọ́n bí osùn, tí a ó yan án lórí iná, tí a ó sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Àwọn ọkùnrin a gé igi líle, wọ́n a sun ún di èédú. Ìléru wá dúró láàárín abúlé, a fi amọ̀ mọ ọ́, ó ga ju ènìyàn lọ, ikùn rẹ̀ yọ síwájú bíi ti aboyún, ẹwìrì tí ń fẹ́ iná sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì. Nítorí ikùn náà, a kì í sọ pé a ń yọ́ irin. A ní ìléru ń rọbí. Irin tó bá jáde, ọmọ ni. Ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí irin tó máa ń ṣàn jáde tó sì máa ń le bí òkúta dúdú, ibi ọmọ ni. Ibi ọmọ yìí la máa ń kọ́kọ́ bù sínú ìléru kí òkúta tó wọ̀ ọ́, bí ẹni tó fi omi ògì àná sí ògì òní kó lè tètè kan. Ìléru tí kò bá tọ́ ibi ọmọ wò kò ní í rántí bí wọ́n ṣe ń bímọ.

Òkìtì ìdàrọ́ wa ga nígbà náà, ewúrẹ́ a máa gun orí rẹ̀ wo ìlú kejì. Ni Láwọ̀ọ́yìn bá jẹ Baálẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìmọ́tótó, ó máa ń gbá abẹ́ adìẹ nígbà tí adìẹ ṣì wà lórí ẹyin. Ó wo òkìtì, ó ní ìdọ̀tí ni. Ó wo ọ̀nà odò, ó ní ẹrẹ̀ pọ̀ jù. Ó ní kí a kó ìdọ̀tí dí ẹrẹ̀. Gbogbo abúlé bá kó ìdàrọ́ sójú ọ̀nà, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a jó lórí rẹ̀. Ọ̀nà náà dára o! N kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún dáná sí ìléru, kò sí ibi ọmọ láti bù sí i. Wọ́n hú díẹ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ti mu omi ọṣẹ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ìléru tọ́ ọ wò, ó bì í. Wọ́n dáná títí, eérú ló bí. Wọ́n tún dáná, eérú ni.

Ògúndíjọ ọkọ mi ni olórí ìléru. Ó wọ yàrá, ó kọjú sí ògiri. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń kùn lókè, àwọn àgbẹ̀ yí wa ká ń retí ọkọ́; bí a kò bá rí ọkọ́ fún wọn, wọn kò ní í rí iṣu fún wa, nítorí àwa kì í dáko. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Fátọ́lá ìyálé mi ti di ìkòkò rẹ̀ mọ́ inú ẹní. Bí ìléru kò bá bí kí òjò tó dé, Òkè-Èédú ti di ahoro nìyẹn.

Mo wọ yàrá lọ bá ọkọ mi. “Bàbá Abíọ́nà, ẹ jẹun.”

“Ìyá Abíọ́nà, jẹ́ kí n kú.”

“Kí ẹ kú nínú ẹ̀wù yìí? Ẹ̀wù tí mi ò tíì fọ̀?”

Ó mí kanlẹ̀. “Ibi ọmọ kan ṣoṣo ló kù láyé yìí, ó wà ní Ahoro Ìléru, níbi tí àwọn baba wa ti kọ́kọ́ yọ́ irin kí ogun tó lé wọn. Inú Igbó Amíkanlẹ̀ ni. Ọdẹ tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde.”

“Bóyá wọn ò mọ orin ni,” ni mo wí. Mo gbé ìbọn, mo mú àáké, mo wé gèlè mi le dáadáa. Fátọ́lá rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi oríkì pè mí, ó ní, “Àwẹ̀ró, ibo?” Mo ní mo ń lọ gba ibi ọmọ wá. Ó ní, “Ta ló bímọ?” Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ débẹ̀ ná.”

N kò ní í fi ìrìn àjò dá yín lágara. Mo rìn, ẹsẹ̀ dùn mí, mo jẹun, mo rìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀gún ṣe ń gún ni, kó lọ tẹ tirẹ̀.

Ìgbà tí mo wọ Igbó Amíkanlẹ̀, atẹ́gùn kan fà mí lọ síwájú gììrì! Kí n tó dúró, òmíràn tì mí padà sẹ́yìn gbààù! Gèlè mi fò lọ sórí igi, ìró mi fẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e. Mo di ìró mú, nítorí ọdẹ lè kú, ṣùgbọ́n kò yẹ kó kú níhòòhò. Mo wò, mo rí ẹ̀dá méjì tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tóbi ju orí wọn lọ. Ojú wọn kéré bí èso ata. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ń fa afẹ́fẹ́ sínú, orúkọ rẹ̀ ni Fàásínú. Èyí tó wà lósì ń fẹ́ ẹ jáde, Fẹ́ẹ́síta ni. Ẹ̀mí inú ẹwìrì àtijọ́ ni wọ́n. Àwọn tó sá fún ogun gbé ẹwìrì lọ, wọ́n gbàgbé ẹ̀mí inú rẹ̀.

Fàásínú ní, “Obìnrin, dá wa lẹ́jọ́. Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú wa? Bí n kò bá fà á, kí ni ẹni yìí yóò fẹ́?”

Fẹ́ẹ́síta ní, “Bí n kò bá fẹ́ ẹ jáde, ikùn ẹ kò ní í bẹ́?”

“Ẹnu ẹ ń rùn!”

“Ìwọ lò ń fà á sínú! Ṣé èmi ni mo ní kí o máa fà á?”

Wọ́n ní bí mo bá pe ẹni kan ní ẹ̀gbọ́n, ẹnì kejì yóò gbé mi mì. Ẹ wo ẹjọ́ tó dé bá ọmọ Ọlọ́run. Mo ronú: èmi ìyàwó olórí ìléru, ṣé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹwìrì ni? Bí apá ọ̀tún bá gòkè, tòsì a lọ sílẹ̀. Orin ló ń mú wọn rìn pọ̀. Mo ní, “Ẹ̀yin ọkọ mi, kí n tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí n rí iṣẹ́ yín.” Mo bá dá orin sílẹ̀:

Fà á, kí n rìn,
Fẹ́ ẹ, kí n dúró;
Ọwọ́ ọ̀tún kò ju tòsì,
Iná kì í mọ ẹ̀gbọ́n.

Háà! Inú wọn dùn! Láti ìgbà ogun, kò sẹ́ni tó kọrin iṣẹ́ fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà, wọ́n ń fẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ọmọ rere. Bí ti ọ̀tún bá fà, ó gbé mi síwájú; kí tòsì tó fẹ́, mo ti fi ẹsẹ̀ gún ilẹ̀, mo di gbòǹgbò mú. Fà á, mo rìn. Fẹ́ ẹ, mo dúró. Báyìí ni mo ṣe jó kọjá láàárín wọn. Gèlè mi pàápàá já bọ́ láti orí igi, mo gbà á lójú òfuurufú, mo wé e láìdúró. Ẹ ò gbàgbọ́? Ẹ mú gèlè wá! Ó dáa, ẹ jẹ́ kí ìtàn parí ná.

Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo wẹ̀yìn, wọ́n ti dìde, wọ́n ń wọ́ tẹ̀lé mi, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n tún orin náà kọ.

A jáde sí gbangba kan láàárín igbó, ni mo bá rí òkìtì ìdàrọ́ tó ga bí òkè, ó ń dán dúdú nínú oòrùn. Àwọn ògiri ìléru wó kiri, igi hù láàárín wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló dúró, ìléru ńlá tí wọ́n fi amọ̀ dí lẹ́nu pa. Iwájú rẹ̀ ni ìyá kan jókòó sí. Awọ ara rẹ̀ pọ́n bí irin tó ti dípẹtà. Irun rẹ̀, èédú wẹ́wẹ́ ni, èéfín ń jáde ní etí rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ńkọ́? Ikùn náà jókòó sí ààyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ìyá náà bá yí padà, ó pẹ́ kí ikùn tó gbọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o, Ìyá.”

“Ìgbà wo ló fẹ́ sọ̀?” Ó bú mọ́ mi, iná sì ta jáde lẹ́nu rẹ̀, ó jó etí gèlè mi. “Ìgbà wo? Kí lo wá ṣe?”

“Ibi ọmọ díẹ̀ ni mo wá tọrọ nínú òkìtì yín, Ìyá. Ìléru wa yàgàn.”

“Ẹ ti rántí mi wàyí! Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí sílẹ̀, ta ló kí mi? Ìwọ ni yóò san án. Kí mi! Gbogbo ìkíni tí mo pàdánù, kí mi pátá. Bí o bá kí mi pé, gbé ibi lọ. Bí ọ̀kan bá kù, ìwọ lèédú tí n ó fi yáná.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ní kí ọmọ Yorùbá kíni! Mo fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo tún orúnkún mi tò, mo bẹ̀rẹ̀. “Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àtijọ́. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ooru. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ kú ìnáwó.”

“Ìnáwó wo? Nínú igbó?”

“Ẹ kú àìnáwó, Ìyá.”

Ó ronú sí i. “Ọ̀ọ́,” ló wí. “Máa bá a lọ.”

“Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àdánìkanwà. Ẹ kú ìyọnu kòkòrò. Ẹ kú ogun o.”

“Háà, ogun yẹn!” Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó pupa bí omi odò wa. “O ò mọ bí ibí yìí ṣe rí. Èéfín wa ni àjòjì fi ń mọ ọ̀nà. Ọ̀nà tí àwọn eléèédú ń gbà kò ráyè hu koríko. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ odò a máa ránṣẹ́ wá bú wa pé a ti pa omi wọn láró. Ẹ̀gàn ni wọ́n ń ṣe, ọkọ́ wa ni wọ́n sì fi ń kọ ebè, ọ̀bẹ wa ni wọ́n fi ń bẹ iṣu. Ọjọ́ tí ogun dé, ìléru tó wà lẹ́yìn mi yìí ti ń rọbí lọ́wọ́. Àwọn baba ọkọ rẹ sá. Wọ́n gbé òòlù. Wọ́n gbé ẹwìrì. Wọ́n gbé adìẹ! Adìẹ, Àwẹ̀ró! Wọ́n gbé adìẹ, wọ́n fi èmi sílẹ̀.”

N kò bi í bó ṣe mọ oríkì mi. Mo ní, “Ẹ kú àmúmọ́ra.” Mo ní, “Ẹ kú ọ̀rọ̀ adìẹ.” Mo kí i títí ọ̀fun mi gbẹ. Mo kí i ìkíni tó wà, mo kí i ìkíni tí kò sí. Ìgbà tó yá, mo la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

“Ó ku ọ̀kan,” ni ìyá náà wí.

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Àtàǹpàkò mi ti dúdú, bí mo bá mira ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Èédú ni mo ń dà! Dúdú náà ń gun kókósẹ̀ mi bọ̀. Fẹ́ẹ́síta ní, “Ṣé kí n fẹ́ ẹ ni, kó tètè jó?” Ẹ wo ẹni tí mo kọrin fún!

“Ìyá, ẹ fi yé mi díẹ̀.”

Ó ní, “Ó wọlé, kò jáde. Ó dàgbà, kò lórúkọ. Mo gbé e, n kò pọ̀n ọ́n. Kí ni?”

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ di ìbàdí mú, ó fi eyín há ètè. Èmi tí mo ti bímọ, mo mọ ojú yẹn. Mo gbójú sókè wo ìléru tí wọ́n dí lẹ́nu. Ọgbọ́n là mí lórí. Wọ́n sá lọ nígbà tó ń rọbí. Wọn kò yọ irin náà! Ọmọ ṣì wà níkùn!

“Yéè! Ìyá! Láti ìgbà ogun ló ti ń mú yín?”

“Láti ìgbà ogun,” ló wí, pẹ̀lú ohùn kékeré.

Ibínú rẹ̀ tí ń já mi láyà tẹ́lẹ̀ wá di àánú. Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, ẹ rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tiyín, kí ẹ wá ronú èyí. Mo fi ẹsẹ̀ èédú fò dìde, mo yọ àáké, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹnu ìléru. Amọ̀ ń fò. Ikán tú jáde. Òjòlá kan jáde tẹ̀lé wọn, ó wò mí bí ayálégbé tí wọ́n lé síta láìsọ fún un, ó wọ́ lọ. Mo rí ọmọ náà nínú lọ́hùn-ún, odindi irin, ó tóbi bí àgbò, gbòǹgbò igi ti gbá a mú. Mo fà á, kò mira. Mo ké pe àwọn ẹlẹ́rẹ̀kẹ́: “Fẹ́ẹ́síta, bọ́ sí ẹ̀yìn! Fàásínú, dúró síwájú! Ẹ̀yin méjèèjì, iṣẹ́ dé!” Mo kọrin sí ìyá létí:

Rọ́jú, rọ́jú, abiyamọ,
Ọ̀nà ti là, ilẹ̀kùn ti ṣí;
Ọmọ tó pẹ́ kò sọnù,
Àlejò tó pẹ́ ni, ó ń bọ̀, ó dé.

Fẹ́ẹ́síta fẹ́ láti ẹ̀yìn, Fàásínú fà láti iwájú, ìyá náà ké, igbó dáhùn. Gbàǹgbàlà! Irin fò jáde bí ọta ìbọn. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó kọjá lórí mi, ó gba irun mi díẹ̀ lọ, ó bọ́ sórí ìbọn bàbá mi, ó sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ewé. Ó yí, ó dúró lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.

Mo wà nílẹ̀, iyanrìn kún ẹnu mi, mo pariwo: “Ẹ kú ewu ọmọ o!”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ikùn náà wálẹ̀ fìì. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, iná tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ di èéfín lásán. Ó gbé irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́ bí ẹni ọ̀sẹ̀ kan. Dúdú ẹsẹ̀ mi bọ́ dànù bí ìyẹ̀fun. Àwọn ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ti tún bẹ̀rẹ̀: “Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀!” “Irọ́, èmi ni mo fẹ́ ẹ jáde!”

Ìyá ní, “Àwẹ̀ró, ọmọ ni tèmi. Ibi ni tìẹ. Kó o.”

Mo bọ́ gèlè, mo fi ṣe òṣùká, mo ru ìdàrọ́ tó pọ̀ tó bí ọrùn mi ṣe lè gbé. N kò ní ìbọn mọ́. Mo sá jáde kọjá láàárín àwọn ẹranko tí mo ti ń dẹ́rù bà láti kékeré. Wọ́n rí mi láìsí ìbọn, wọn ò gbàgbọ́, wọ́n rò pé ọgbọ́n ni. Mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo dé Òkè-Èédú, ẹrù ti kún ìta. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn ń lọ. Mo da ìdàrọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, gbàrà. Ọkọ mi kò yíjú kúrò lára ògiri. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fọwọ́ pa á, ó gbé wóró kan sórí ahọ́n. Ni Ògúndíjọ bá dìde. Ó gbàgbé ẹ̀wù pàápàá. Ó bu ibi ọmọ sí ìléru, ó da èédú, ó da òkúta, ó di ẹwìrì ọ̀tún mú, ó ní, “Ìyá Abíọ́nà, tòsì.” Kò sí ẹlòmíràn tó wá; gbogbo wọn ti sọ ìrètí nù. Àwa méjèèjì la fẹ́ ẹ. Ẹ má bi mí bí apá mi ṣe rí.

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé ẹrù ru ara wọn, wọ́n tò sójú ọ̀nà, Baálẹ̀ Láwọ̀ọ́yìn ló ṣáájú, Fátọ́lá ló gbẹ̀yìn pẹ̀lú ìkòkò. Wọn kò wẹ̀yìn. Òjò ti ṣú. Ọkọ mi là ẹnu ìléru. Nǹkan kan yọrí, ó pọ́n bí oòrùn àṣálẹ́, ó yọ̀ jáde, ó dúbúlẹ̀. A wo ara wa. Ẹ̀rù bà wá láti fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi gbé òòlù sókè, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan.

Kíìn!

Eérú kì í dún bẹ́ẹ̀. Ìdàrọ́ kì í dún bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lójú ọ̀nà dúró gan-an. Ó tún lù ú: kíìn! Ni ariwo bá sọ láti iwájú dé ẹ̀yìn: “Ẹ sọ̀ mí o! Ẹ sọ̀ mí!” Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ta? Olúkúlùkù ló di ẹrù ilé rẹ̀ mú lórí, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ jó, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹrù sì wà lórí. Baálẹ̀ ní, “Ọrùn mi o!” Mo sáré bọ́ síta. Mo ń sọ ẹni yìí, mo ń sọ tọ̀hún, bí mo bá ti sọ ẹnì kan, òun náà á sáré lọ sọ ẹlòmíràn.

Ọ̀dọ̀ Fátọ́lá ni mo parí sí. Mo di ìdí ìkòkò rẹ̀ mú. Ó ní, “Rọra o, Àwẹ̀ró. Ìkòkò ni.”

Mo rọra sọ̀ ọ́. Bí ìkòkò ṣe kan ilẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó sá wọlé.